Ilẹ̀ Ò Tíì Mọ́ ní Dọ́búlìn

Ìwé kékeré kan aláwọ̀ ewé wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, lábẹ́ ìwé ìbí àwọn ọmọ. Bàbá àgbà mi, Múfútáù Àkànní, ló fi í sílẹ̀ fún mi. Kò sí àdúrà nínú rẹ̀, kò sí ìtàn, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni. Déètì àti aago ló kún inú rẹ̀: ìṣẹ́jú tí oòrùn yọ lókè òrùlé àwọn ilé tó dojú kọ tiwa ní Corduff, àdúgbò wa ní Dọ́búlìn, láti ìparí oṣù kẹjọ títí di àárín oṣù kìíní. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ mọ́kànlélógóje ni. Níwájú mẹ́tàlélọ́gọ́rin nínú àwọn ọjọ́ náà, kò sí aago kankan; ohun tó wà níbẹ̀ ni "A kò rí i," nítorí kùrukùru.

Mo máa ń sọ fún Bàbá nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ pé kí wọ́n kàn wo ìwé àkókò ìrun tí mọ́ṣáláṣí pín fún wa, pé ìgbà tí oòrùn ń yọ wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, a rí i o, a kò rí i o. Wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àmọ̀kẹ́, ìwé yẹn ń sọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀. Èmi ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́sàn-án nìyí tí wọ́n ti lọ. Ọmọ mi obìnrin bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá ohùn Bàbá nípọn ni tàbí ó tín-ín-rín, n kò sì lè dá a lóhùn kíákíá. Ẹ̀rù bà mí. Mo jókòó sídìí tábìlì, mo ní kí n kọ èyí tí mo bá rántí sílẹ̀ kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún tí Bàbá fi ṣe olùtọ́jú ẹrù ní ilé ìtajà aṣọ ará Íńdíà kan ní Èkó. Ọ̀gá Mahésì ni wọ́n ń pe ọ̀gá náà. Kì í gba òṣìṣẹ́, kì í ṣí ẹ̀ka tuntun, kì í fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láìkọ́kọ́ ṣí ìwé kan tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti Bọ́ḿbè, ìlú rẹ̀, lọ́dọọdún. Páńsángì ni wọ́n ń pe ìwé náà. Ó ń sọ ilé tí òṣùpá wọ̀ sí lónìí nínú ilé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó ní, àti wákàtí tó dára fún ohun tí èèyàn fẹ́ dáwọ́ lé. Nígbà tí ojú ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, Bàbá ló ń kà á sí i létí. Bí èèyàn bá ń ka ìwé sí ẹlòmíì létí fún ọdún mẹ́sàn-án, òun náà á mọ̀ ọ́n.

Ohun tí Bàbá bẹ̀rù jù nínú ìwé náà ni Ráhù. Àwọn ará Íńdíà ní orí kan ni, tí kò ní ara, tó ń lépa oòrùn láti gbé e mì. Lójoojúmọ́, wọ́n á pín àkókò láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí ó fi wọ̀ sí ọ̀nà mẹ́jọ, ìpín kan á sì jẹ́ ti Ráhù. Lọ́jọ́ Ajé, ìpín kejì ni. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìpín kẹrin. Wọ́n ní ohun tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ nínú ìpín yẹn kì í parí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìpín Ráhù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìgbà tí oòrùn yọ, Ọ̀gá Mahésì sì kìlọ̀ fún Bàbá títí ó fi fẹ̀yìn tì: "Má ṣe fi oòrùn Bọ́ḿbè ṣí ilé ìtajà Èkó. Oòrùn ibi tí o dúró sí ni kí o kà."

Ọwọ́ Bàbá ni mo dàgbà sí. Nígbà tí mo fẹ́ kúrò ní Nàìjíríà pẹ̀lú oyún oṣù méje, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yan ọjọ́ fún mi. Ohun tó lé mi kúrò nílé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tòní. Wọn kò tilẹ̀ ṣí ìwé. Wọ́n ní ohun tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ mú ni àwọn ń bá a yan àkókò fún, bí ìgbéyàwó, ilé ṣíṣí, oyè jíjẹ. Ìbí, ikú àti sísá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń yan àkókò tiwọn. Wọ́n di àpò mi pa, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ bá gbé ọ, ọjọ́ náà ló dára. Máa lọ."

Ọdún mẹ́rin kọjá kí n tó tún rí wọn. Mo ti gba ìwé ìgbélùú nígbà náà, mo ti bí ọmọ kejì, wọ́n sì fún Bàbá ní físà láti wá bá mi gbé ọmọ. Mo gbé ẹ̀wù òtútù méjì, ìbọ̀wọ́ méjì àti ibọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfuurufú, nínú oṣù kẹjọ. Mo wọ gbogbo rẹ̀ fún wọn níbẹ̀. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wò mí. "Àmọ̀kẹ́, ṣé o fẹ́ sin mí ni?"

Oníbẹ̀rù ni mí, n kò sẹ́. Mo máa ń dìde lẹ́ẹ̀mẹta láti gbọ́ bí ọmọ ṣe ń mí. Mo máa ń fọwọ́ kan gbogbo fèrèsé kí a tó jáde, mo sì máa ń padà láti ẹnu géètì láti tún fọwọ́ kàn wọ́n. Bàbá kò bú mi rí lórí rẹ̀. Wọ́n á dúró dè mí lẹ́nu géètì pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọmọ, wọ́n á sì sọ fún ọmọ náà ní ohùn jẹ́jẹ́ pé kó má bínú, pé ìyá rẹ̀ ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná.

Wọ́n fẹ́ràn láti gun bọ́ọ̀sì olókè méjì lọ sí àárín ìlú. Iwájú pátápátá lókè ni wọ́n máa ń jókòó. Nígbà tí a bá ti ń gba Phibsborough kọjá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka kéréènì tó ń kọ́lé lójú ọ̀run. Ọjọ́ tó pọ̀ jù, wọ́n ka mẹ́tàlélógún. Gbogbo èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, gbogbo ibi ni wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀, ilé sì ń hù bí olú. "Ìlú yìí ń kánjú," ni wọ́n wí. "Ta ló bá wọn yan àkókò?" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ nínú èdè àwọn ará ibí: gráńdì, bí ẹni ń sọ pé dáadáa ni. Bí ẹnikẹ́ni bá kí wọn, gráńdì. Bí dókítà bá bi wọ́n léèrè nípa orúnkún wọn tí kò jẹ́ kí wọ́n sùn, gráńdì.

Ọkọ mi, Lúkúmọ́ọ̀nù, kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ rárá. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Finglas ló ti ń ṣiṣẹ́, bó bá sì ti délé, tó rí Bàbá pẹ̀lú páńsángì lórí tábìlì, ojú rẹ̀ á yí padà. Ọmọlúàbí ni, kò jẹ́ gbé ohùn sókè. Ó kàn sọ lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí tó bá gbára lé ìràwọ̀ ti ń fi nǹkan kún Ọlọ́run." Bàbá bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n na ìka sí ìwé àkókò ìrun tó lẹ̀ mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní prẹ́ẹ̀sì. Wọ́n bi í léèrè pé ta ló ṣírò èyí, ṣé kì í ṣe ẹni tó wo oòrùn ni. Wọ́n ní àkókò kì í ṣe Ọlọ́run, ilẹ̀kùn lásán ni. Ẹni tó kan ilẹ̀kùn ṣì gbọ́dọ̀ bẹ onílé. Lúkúmọ́ọ̀nù kò gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń kí ara wọn bí àlejò.

Lẹ́yìn náà, Lúkúmọ́ọ̀nù féèlì ìdánwò ọkọ̀ wíwà ní ìgbà kejì. Mo wà lórí àtẹ̀gùn nígbà tí mo gbọ́ tó rọra kan ilẹ̀kùn yàrá Bàbá, tó ń ṣàlàyé pé wọ́n fún òun ní ọjọ́ méjì láti mú ọ̀kan, pé òun kàn ń béèrè ni o. Bàbá dá a lóhùn. "Lúkúmọ́ọ̀nù, ọmọ mi. Lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn."

Sujátà, nọ́ọ̀sì ará Íńdíà tó wà ní ilé kejì sí tiwa, ló ń bá wọn wá páńsángì. Ìyá rẹ̀ ló ń fi í ránṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n kà. Ó máa ń jókòó sí ilé ìdáná wa nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, Bàbá á sì máa kọ́ ọ ní ohun tí àwọn bàbá ńlá rẹ̀ mọ̀, pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì Èkó. Ó sọ fún mi pé bí òun bá ròyìn rẹ̀ fún ìyá òun pé bàbá Nàìjíríà kan ló ń kọ́ òun, ìyá òun á ní irọ́ ni.

Báyìí, ọ̀rọ̀ Rájì. Ilé tí Bàbá ń gbé ní Èkó ni àwọn òbí rẹ̀ yá yàrá sí, ara aago ọwọ́ Bàbá ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka aago. Ó padà sí ìlú wa lápá Òkè-Ògùn, ó ṣòṣèlú, wọ́n sì dìbò yàn án gẹ́gẹ́ bí alága ìjọba ìbílẹ̀. Alága méjì ló ti jẹ ṣáájú rẹ̀. Wọ́n yọ àwọn méjèèjì kí sáà wọn tó pé. Ẹ̀rù ipò náà ń bà á. Ó pe Bàbá lórí fóònù ní Dọ́búlìn, ó ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kejìlá ni ìbúra, ọjọ́ náà kò ṣe é yí, ṣùgbọ́n wọ́n fi wákàtí sílẹ̀ fún òun láti yàn. Kí Bàbá bá òun wò ó.

N kò rí i kí inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ rí ní ìlú yìí. Kì í ṣe torí Rájì nìkan. Wọ́n ń padà sílé ní oṣù kìíní láti lọ máa gbé ní ìlú wa títí ayé, ìlú tí wọ́n ti kúrò láti ìgbà èwe, tí àwọn èèyàn ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wọ́n. Wọ́n fẹ́ kí orúkọ wọn ṣáájú wọn débẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣírò. Wọ́n fún Rájì ní ago mọ́kànlá ààbọ̀ àárọ̀. Òṣùpá wà ní ilé tó yẹ, wọ́n á búra tán kí ìrun Jímọ̀ tó tó, Ráhù kò sì ní wọlé títí di ago méjìlá ààbọ̀ ku ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n tẹnu mọ́ ọn fún mi pé àwọn rántí pé aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú tibí. Rájì tẹ ago mọ́kànlá ààbọ̀ sára ìwé ìpè.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, tí ìbúra ku ọ̀la, Bàbá ha káàdì tẹlifóònù, wọ́n pe àbúrò wọn, Ìyá Sẹ̀kí, nílé. Ago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú ni ní ọ̀dọ̀ wa. Iná ilé ìdáná wà ní títàn, ìta dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Wọ́n fi í sí ibi tí gbogbo wa ti lè gbọ́. Wọ́n kíra títí, Ìyá Sẹ̀kí wá ní kí wọ́n dákun jẹ́ kí òun lọ yí ata tí òun sá, oòrùn ti ń ta òun lẹ́yìn láti àárọ̀.

"Oòrùn wo?" ni Bàbá béèrè.

"Oòrùn wo kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, oòrùn mélòó la ní?"

Bàbá dágbére fún un. Wọ́n yíjú sí fèrèsé, wọ́n wo òkùnkùn yẹn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá fa ìwé kan yọ, wọ́n tún ìṣirò náà ṣe níṣojú mi, mo sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti yí aago padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn Corduff ni wọ́n kà, èyí tí wọ́n ń fi ojú ara wọn wò lójoojúmọ́. Oòrùn wa ń yọ ní ago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú, ó sì ń wọ̀ ní kété lẹ́yìn ago mẹ́rin. Ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Nílé, ó ń yọ ní ago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìpín kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ní ìlú tí Rájì ti fẹ́ búra, Ráhù á wọlé ní ago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, kò sì ní jáde títí ago kan á fi ku ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Ago mọ́kànlá ààbọ̀ bọ́ sí ẹnu rẹ̀ gan-an.

Bàbá nawọ́ sí káàdì. Mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é. Ìwé ìpè ti jáde, kò lè yí i mọ́. Ẹ̀ ń padà sílé lóṣù tó ń bọ̀. Gbogbo ìlú ni wọ́n á máa fi yín ṣẹ̀sín. Ta ló máa mọ̀?"

"Ìwọ ti mọ̀," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo tọ́ ọ. N kò fẹ́ kí o mọ irú èyí mọ́ mi."

Wọ́n pè é. Wọn kò ṣe àlàyé gígùn. Wọ́n ní, "Rájì, oòrùn ibí ni mo kà. Mo ṣìṣe. Wákàtí tí mo fún ọ kò dára."  Rájì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní aṣojú gómìnà ti mọ àkókò, adájọ́ ti mọ̀, kò sí bí òun ṣe lè yí i. "Ṣùgbọ́n Bàbá, Nàìjíríà ni ibí."

Bó ṣe wí ló rí. Ní ọjọ́ kejì, adájọ́ pẹ́ dé. Aṣojú gómìnà pẹ́ jù ú lọ. Rájì sì ní kí àwọn àlùfáà gbàdúrà dáadáa, àwọn àlùfáà sì gbà á dáadáa. Ago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló tó gbọ́wọ́ lé Kùránì, ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́yìn tí Ráhù jáde. Nígbà tó pè wá láti ròyìn rẹ̀, èmi àti Lúkúmọ́ọ̀nù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Pípẹ́ tí adájọ́ pẹ́ kò sọ ìṣirò mi di èyí tó tọ̀nà."

Ohun tí mo bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Rájì kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n olóṣèlú ni, ìtàn tó dùn kò sì lè gbé inú rẹ̀. Ó sọ ọ́ níbi àpèjẹ ìbúra. Kí Bàbá tó gúnlẹ̀ sí ìlú wa ní oṣù kìíní, orúkọ wọn ti ṣáájú wọn débẹ̀: Bàbá Ilẹ̀-Ò-Tíì-Mọ́. Àwọn ọmọdé á kí wọn ní ago mẹ́ta ọ̀sán pé ẹ káàárọ̀ o. Bàbá á ní, "Ó ti mọ́ o, ẹ ṣeun." Wọn kò tún bá ẹnikẹ́ni yan àkókò mọ́. Rájì lo sáà rẹ̀ pé, òun ni alága àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, àwọn èèyàn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ Bàbá wá. Bàbá á ní kí wọ́n lọ bá ẹni tó mọ ibi tó dúró sí.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ilé mi ni wọ́n ti pàdánù orúkọ tí wọ́n fẹ́ gbé padà sílé. Mo sọ ọ́ fún wọn lórí fóònù nígbà kan, mo ní kí wọ́n dárí jì mí, pé èmi ni mo fà wọ́n wá sínú òkùnkùn. Wọ́n ní, "Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ níbẹ̀, Àmọ̀kẹ́. Ibi tí o wà ni mo ti fọkàn pè ní ilé. Ìyẹn nìkan ni àṣìṣe náà."

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n padà, nínú oṣù kìíní, tẹlifóònù ilé wa dún ní ago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú márùn-ún àárọ̀. Àbúrò bàbá mi ni. Bàbá ti lọ kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Wọ́n ti wẹ̀ wọ́n, wọ́n ti wé aṣọ mọ́ wọn, wọ́n sì fẹ́ gbé wọn lọ sí itẹ́ òkú ní ago mẹ́sàn-án tiwọn, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí pé kí a má fi òkú falẹ̀. Ago mẹ́sàn-án tiwọn ku ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Mo di fóònù mú. Kò sí ọkọ̀ òfuurufú tó lè gbé mi débẹ̀. N kò tilẹ̀ tíì rí ojú ara mi nínú dígí, òkùnkùn ni.

Mo gbọ́ tí ẹlòmíì gba fóònù lọ́wọ́ àbúrò bàbá mi. Rájì ni. Ó ń bá àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ gbé wọn sílẹ̀ ná. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ ní Dọ́búlìn."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi, ó ní kí n lọ jí àwọn ọmọ, kí n wọṣọ fún wọn, kí n lọ dúró sí ojú fèrèsé tí Bàbá ti máa ń wo oòrùn. Àwọn á dúró. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni gbogbo ìlú fi dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé wa lọ́hùn-ún, nínú oòrùn. Lúkúmọ́ọ̀nù gbé ọmọ kékeré, mo di ọwọ́ èyí àgbà mú, mo gbé ìwé aláwọ̀ ewé lé ojú fèrèsé. Ojú ọ̀run kọ́kọ́ dà bí eérú, ó wá funfun. Kùrukùru bo gbogbo òrùlé.

Ní ago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú, Rájì béèrè lẹ́nu fóònù pé ṣé ó ti yọ.

Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo wo ìwé náà.

"A kò rí i," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ máa gbé wọn lọ."